Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Àbújá: bí mo ṣe rí ìbò Yorùbá láti òkè Ọya

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Kàdúná ni mo ti kọ́ ọ, Àbújá ni mo ti ń jẹun nídìí ẹ̀ báyìí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lórúkọ ní Nàìjíríà yìí tí mi ò tíì tẹ pósítà fún rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibì kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan lóòótọ́, ẹ fi àwọn tó ń pariwo lórí rédíò sílẹ̀, àwa atẹ̀wé ni kẹ́ ẹ wá bi, torí àwa la máa ń rí ìbẹ̀rù wọn kí ọjọ́ ìbò tó dé. Ibi tó bá dá wọn lójú, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ méjì, wọ́n á ní ká ṣáà tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, há, ìwé dídán ni o, àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á ní ká kọ Hausa sí i, ká kọ Gbagyi, ká kọ Yorùbá torí àwọn ará Kubwa, ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ á wá dúró tì mí lóru kí n má bàa sọ ojú ẹ̀ di dúdú.

Nǹkan kan wà tó ti ń sú mi tí mo fẹ́ sọ. Ìbò kan ò lè máa bọ̀ kí àwọn ẹbí tó wà nílé má pè, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, Èkó, gbogbo wọn, "ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún yẹn ò ní dalẹ̀ wa báyìí?" Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé Yorùbá gbé ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ́wọ́ wá láti Ifẹ̀. Èmi tí mo dàgbà lókè Ọya, ohun tí mo rí ni pé èèyàn ló ń kọ́ ìbò ẹlẹ́kùnjẹkùn yìí, èèyàn náà ló ń tú u, àti pé ẹni tó bá ní ilé lọ́wọ́ kò tíì ní Àbújá, ó ṣì máa gbé ilé yẹn lọ bá ẹlòmíì dúnàádúrà ni. Orí ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà yìí ni gbogbo ìjà wa látọjọ́ pípẹ́ dá lé, ìlú tí wọ́n bí mi sí gan-an sì ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Àwọn èèyàn wa ti pẹ́ lókè Ọya, àwọn àti ará Ọ̀fà, wọ́n bá reluwé gòkè, wọ́n ń tajà ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi ń ta aṣọ. Tó bá sì ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọmọ Akíntọ́lá ni, kò ṣe é bá jiyàn rárá. Kò ka ìwé ètò ẹgbẹ́ kankan rí láyé ẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akíntọ́lá, ó tán.

Oṣù kejì ọdún 1962 ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, wá ṣe àpérò gbogboogbò wọn ní Jọ́ọ̀sì. Bàbá mi lọ wo àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wọ̀lú, ìyẹn ló máa ń sọ ṣáájú, kó tó wá dórí ìjà. Awólọ́wọ̀ ti fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ ní 1959, ó ti lọ di olórí alátakò ní Èkó, Akíntọ́lá ló jókòó sípò ní Ìbàdàn. Lójú Akíntọ́lá, NPC tó ni òkè Ọya ló wà nínú ìjọba àpapọ̀, ká bá wọn ṣe kí Yorùbá rí tiẹ̀ gbà. Awólọ́wọ̀ ní rárá, òun fẹ́ gba òkè Ọya náà wọlé, nípasẹ̀ àwọn ẹ̀yà tí ò fẹ́ NPC. Kì í sì í ṣe àlá lásán ló ń lá o. Nínú ìbò 1959, tó fi hẹlikópítà káàkiri òkè Ọya, NPC ní ìjókòó 134 nínú 312, NCNC ti Azikiwe àti NEPU ti Aminu Kano tó bá a rìn ní 89, Ọlọ́pẹ ní 73, àmọ́ 25 nínú 73 yẹn, òkè Ọya ni wọ́n ti rí i, ọ̀dọ̀ àwọn Tiv àti àwọn èèyàn Joseph Tarka ti UMBC, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké Middle Belt, pàápàá.

Ẹ sì wo ayé o. Akíntọ́lá tó ní ká bá NPC ṣe yìí, òun kan náà ló yẹ kó ṣáájú àwọn Ọlọ́pẹ wọ Kánò ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, lẹ́yìn tí Enahoro, ọmọ Ọlọ́pẹ, ti gbé àbá òmìnira 1956 wá sílé ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ Èkó sì bú àwọn aṣojú òkè Ọya níta. Ìrìn àjò yẹn ló di ìjà ní Sabon Gari, èèyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀tá ti di ẹni tá a fẹ́ bá da owó pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni, mo ti gbọ́ ọ títí etí mi ti di, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi èébú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná ká wo ìbéèrè tó béèrè, torí a ò tíì dá a lóhùn títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Wọ́n fọ́ àga mọ́ra wọn lórí nílé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn lóṣù karùn-ún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, Awólọ́wọ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n, Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ tó padà di Dẹ́mọ, ìyẹn NNDP, ìbò 1965, wẹ́tiẹ̀, ilé ń jó, èèyàn ń jó, títí di January 15, 1966 tí àwọn ṣọ́jà pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn tí wọ́n sì pa Sardauna, olórí ìjọba òkè Ọya, ní Kàdúná láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Bàbá mi sọ pé ní Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí gbogbo ẹ̀, àwọn Yorùbá kan ò kí ara wọn mọ́ lọ́jà, Ọlọ́pẹ ò ní í ra aṣọ lọ́wọ́ Dẹ́mọ. Yorùbá kan ṣoṣo dà níbẹ̀?

Ká tiẹ̀ wo ẹ̀yìn síwájú sí i. Lọ́dún 1954, nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀, NCNC ti Azikiwe ló na Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn fúnra ẹ̀. Ìbàdàn wà lọ́wọ́ Adélabú àti ẹgbẹ́ ẹ̀, Mábọlájẹ́, wọ́n bá NCNC rìn, torí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn nígbà yẹn ń wo Ọlọ́pẹ bí ẹgbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ta ló fẹ́ jẹ gàba lé wa lórí ló wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Igbo tàbí Yorùbá. Ìjà àdúgbò ló ń yan ẹgbẹ́ fún èèyàn. Ìlú kan bá ń bá ìkejì jà, tí ọ̀tá bá ti wọ ẹgbẹ́ yìí, àwọn á wọ tọ̀hún, tó bá yá àwọn ọmọ wọn á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Òkè Ọya náà ńkọ́? Àwọn ará ilé máa ń rò pé Hausa kan ṣáà wà tó ń dìbò bí ọba bá ti wí. Aminu Kano àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá NEPU sílẹ̀ ní Kánò ní 1950 láti bá àwọn ọba àti ìjòyè jà nítorí àwọn tálákà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì ń lọ fún un, torí NPC ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó ní dógarì, ìyẹn ọlọ́pàá ọba, ó ní ilé ẹjọ́ alkali, ó ní ẹni tó ń gba owó orí. Tí gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà, ẹ̀ẹ́ wọlé. Ní Ìlọrin, àwọn Tálákà Pàrapọ̀ bá Ọlọ́pẹ ṣe, wọ́n gba kánsù ìlú lọ́wọ́ NPC, kí ìjọba Kàdúná tó tú kánsù náà ká. Tiv ní tiwọn, Borno ní tiwọn. Máàpù tí wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo kùn yẹn, ẹni tó bá wà nílẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pá ọlọ́pàá wà lára ọ̀dà ẹ̀.

Mo ti tó ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní 1979. Bàbá mi, ọmọ Dẹ́mọ àtijọ́, jí lọ dìbò fún Awólọ́wọ̀, fún Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ìyẹn UPN! Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ẹni tí mò ń tìtorí ẹ̀ bínú ti kú, ta ni kí n tún máa bá jà?" Wọ́n máa ń sọ pé ilé dì mọ́ Awólọ́wọ̀ lọ́dún yẹn, òótọ́ ni, ó gba ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní Ondó àti Ògùn. Àmọ́ bàbá mi tó dìbò ní Jọ́ọ̀sì, omi ló da ìbò ẹ̀ sí, Plateau tọ Azikiwe lẹ́yìn, Solomon Lar ti NPP, ẹgbẹ́ Azikiwe, ló di gómìnà.

Òfin tuntun tí wọ́n kọ lọ́dún yẹn ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe pátápátá, àwọn èèyàn ò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Òfin ní kò tó kéèyàn ní ìbò tó pọ̀ jù, ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà, Shagari ti NPN ní tiẹ̀ ní 12, Kánò ló kù, Kánò sì jẹ́ ti PRP Aminu Kano, ó lé e padà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta nìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì gbà á wọlé. Shagari ní mílíọ̀nù 5.6 ó lé, Awólọ́wọ̀ ní mílíọ̀nù 4.9 ó lé. Gbogbo èèyàn ń sunkún ìṣirò, mi ò bá wọn wí, àmọ́ Umeadi tó jẹ́ ọmọ Igbo ni Awólọ́wọ̀ mú ṣe igbákejì, gúúsù àti gúúsù, nínú òfin tó ní o gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ilé kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìta gbẹ. Àwa tá a wà níta mọ̀ pé kò lè tó.

Wàyí o, Kàdúná. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lórí ẹ̀rọ Heidelberg àtijọ́ kan tó máa ń jẹ ìwé. Ìjọba Babangida ti dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ fúnra ẹ̀, SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹléyẹ idì, ó kọ́ ilé fún wọn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, ó tiẹ̀ bá wọn kọ ètò wọn. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ ìjọba ni, àmọ́ torí pé kò sí bàbá tó ni wọ́n, kò sí ẹkùn tó ni wọ́n. Ní oṣù kẹta 1993 ọ̀gá mi gba iṣẹ́ sítíkà àti báàjì fún ìpàdé SDP, a kó o lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́ o, Jọ́ọ̀sì! Níbẹ̀ ni Abíọ́lá ti fi ìbò díẹ̀ na Kingibe, Atiku ṣe ìkẹta, ìyẹn ni pé ìbò àwọn aṣojú òkè Ọya wà nínú ohun tó gbé ọmọ Ẹ̀gbá dé ibẹ̀. Ìlú tí Ọlọ́pẹ ti fọ́ sí méjì lórí ká bá wọn ṣe tàbí ká má bá wọn ṣe, ibẹ̀ náà ni Yorùbá kan ti bá wọn ṣe tó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ June 12, onílé wa ní Kàdúná, Hausa ni, Bàbá Mai Gida là ń pè é, ó dìbò fún Abíọ́lá láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ní ọkùnrin yẹn ti kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó ti ran èèyàn lọ́wọ́, ó mọ̀ wọ́n. Abíọ́lá gba Kàdúná, ó gba Borno, ó gba Jigawa, ó wọ Kánò ó na Tofa ti NRC sílé bàbá ẹ̀. Mílíọ̀nù 8.3 sí 5.9. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé Hausa ò lè dìbò fún Yorùbá, ẹ ní kó lọ wo èsì Kánò 1993.

Wọ́n fagi lé e, ẹ mọ̀ bó ṣe lọ. Ìbẹ̀rù mú àwọn Yorùbá àti Igbo lókè Ọya, gareji kún, wọ́n ń kó ẹrù lọ sílé torí gbogbo èèyàn ń rántí 1966. Bàbá Mai Gida wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kò sẹ́ni tó máa lọ. Kò gbowó oṣù yẹn lọ́wọ́ wa. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé nígbà tí mo délé ọdún Kérésì, àwọn èèyàn ń sọ pé Hausa ló gba ipò Abíọ́lá, mo ní Hausa wo, èyí tó dìbò fún un ni àbí èyí tó ní ìbọn? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, wọ́n ní Kàdúná ti yí mi lórí.

1999 wá fi gbogbo ẹ̀ hàn kedere. Jọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i! Ibẹ̀ ni PDP ti yan Ọbásanjọ́ lóṣù kejì, ó na Ekwueme. Yorùbá kọjú sí Yorùbá, Fálaè tí AD àti APP jọ fà kalẹ̀ wà lódìkejì. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn tọ Fálaè lẹ́yìn, Ọbásanjọ́ pàdánù Ògùn, ó pàdánù ní wọ́ọ̀dù tiẹ̀ gan-an l'Abẹ́òkúta, ó sì di ààrẹ, òkè Ọya àtàwọn yòókù ló gbé e débẹ̀. Nílé, wọ́n ní ààrẹ àwọn Hausa ni. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, AD ò fa ẹnì kankan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, ilé dìbò fún Ọbásanjọ́ kan náà, PDP sì kó gómìnà márùn-ún nínú mẹ́fà lọ, Èkó Tinúbú nìkan ló kù. Àwọn tó pè mí ní 1999 pé tí mo bá dìbò fún un àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀, àwọn ló pè ní 2003 pé ẹgbẹ́ náà ti di tiwa. Mi ò sọ nǹkan kan, mo tẹ pósítà mi.

Lágbedeméjì ìyẹn ni ìjà Ṣàríà ti ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ní 2000. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Mùsùlùmí lọ sí òkè odò, Kìrìsìtẹ́nì lọ sí ìsàlẹ̀ odò, Yorùbá wà ní ẹgbẹ́ méjèèjì, àna mi Mùsùlùmí, èmi Onítẹ̀bọmi, a ò lè rí ara wa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀sìn ti wọ inú ìbò Kàdúná tí kò sì jáde mọ́. Mo kó wá sí Àbújá, mo rí ṣọ́ọ̀bù sí Garki, mo rí ilé sí Kubwa, níbi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ Yorùbá sí ọlọ́kadà, Yorùbá ló máa fi dá yín lóhùn.

2011, ẹ rántí? ACN, ẹgbẹ́ Tinúbú, ti gba ilé padà, ilé ẹjọ́ ti dá Èkìtì àti Ọ̀ṣun padà fún wọn ní 2010, wọ́n wá kó ìjókòó ilé aṣòfin àti gómìnà. Àmọ́ Ribadu tí wọ́n fà kalẹ̀ fún ààrẹ, Ọ̀ṣun nìkan ló rí gbà, ìyókù lọ sọ́dọ̀ Jonathan. Àwọn kan náà o, láàrin oṣù kan náà, ẹgbẹ́ kan fún ilé, ẹgbẹ́ míì fún Àbújá. Buhari ní CPC ní mílíọ̀nù 12 ó lé, òkè Ọya ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹ̀ fún un, ó sì pàdánù. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e ní Kàdúná àti ibòmíì, ó lé ní 800 èèyàn tó kú. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ilé láìní ìta, àwọn ará òkè náà ní ilé láìní ìta. Nígbà tí wọ́n wá da ACN, CPC, ANPP àti apá kan APGA pọ̀ di APC ní 2013, mo rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ mi, mo ní ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá rèé, àwọn ọmọ Awólọ́wọ̀ ló wá ń ṣe é. Mo sọ ọ́ létí ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Pósítà 2015 yẹn ni mo tíì tẹ̀ tó pọ̀ jù. Buhari tí wọ́n ti máa ń ya ní babaringa nìkan, wọ́n gbé fọ́tò tó ti wọ agbádá wá, fìlà Yorùbá, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbé eléyìí tó ti wọ súùtù. Bí wọ́n ṣe ń lọ dúnàádúrà pẹ̀lú ilé onílé nìyẹn, aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ yí padà. Mílíọ̀nù 15.4 sí 12.8. Èkìtì nìkan ló dúró ti Jonathan nílé wa. Ní 2019, Ọ̀yọ́ àti Ondó tọ Atiku lẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa wà nínú Ọ̀yọ́ yẹn o, àwọn ará Kwara sì pariwo Ó tó gẹ́, wọ́n gbọn ilé Saraki nù kúrò lórí ohun tí bàbá wọn ti dì mú láti ayé NPN. Ẹnì kan láti Ìlọrin wá tẹ fìlà àti T-shirt Ó tó gẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ méjì àbọ̀ péré, mi ò tíì rí kámpéènì tí íǹkì ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ká wá sọ ti 2023. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀, "èmi ló kàn, tiwa ló kàn, ẹ má ba tiwa jẹ́ níbẹ̀ yẹn." Ní ibùdó ìbò wa ní Kubwa, láti ilé ìjọsìn ni ọ̀pọ̀ Yorùbá Kìrìsìtẹ́nì ti gbéra lọ dìbò fún Obi ti Labour, torí Mùsùlùmí méjì ni APC fà kalẹ̀, àwọn àna mi ní Mùsùlùmí méjì náà ni Abíọ́lá àti Kingibe, Borno ni Kingibe ti wá, Borno náà ni Shettima ti wá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Ọ̀rọ̀ wọn mú mi lómi. Àwọn ọmọ mi tiẹ̀ ò bá ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ, owó tuntun tí kò sí ní báǹkì àti epo ni wọ́n ń bínú sí. Ẹni tí èmi dìbò fún, ìyẹn wà láàrin èmi àti àpótí. Obi kó ohun tó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ l'Àbújá, aṣòfin àgbà wa náà bọ́ sọ́wọ́ Ireti Kingibe ti Labour, Aduda tó ti wà níbẹ̀ láti 2011 lọ sílé.

Nílé ńkọ́? Obi gba Èkó mọ́ Tinúbú lọ́wọ́, ìbò tó fi jù ú lọ ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Atiku gba Ọ̀ṣun. Lókè Ọya, Katsina Buhari lọ sọ́dọ̀ Atiku, Kánò ya ti ẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti ayé NEPU, ó fún Kwankwaso ti NNPP. Tinúbú ní mílíọ̀nù 8.79, Atiku 6.98, Obi 6.1. Ẹ wo ibi tí Tinúbú ti rí tiẹ̀ dáadáa: Borno, Jigawa, Zamfara, Kwara, Niger, Benue wà nínú ẹ̀. Wọ́n wá lọ sílé ẹjọ́ lórí bóyá èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìdá 25 l'Àbújá kó tó di ààrẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní rárá lóṣù kẹwàá. Èmi ti gbọ́ ìṣirò Kánò ní kékeré, ìṣirò Àbújá bá mi lágbà, mo kàn ń wò wọ́n ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi l'Èkó, mo ní "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má dalẹ̀, Èkó dà?" Ó ní àjèjì ló dìbò. Mo ní tó bá jẹ́ pé àjèjì lè yí Èkó padà, kí lẹ ń fẹ́ kí èmi àjèjì ní Kubwa ṣe? Ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa.

Ní báyìí wọ́n ti tún ń pariwo pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ gbé gbogbo Nàìjíríà mì. PDP náà sọ ọ́ ní 2008, alága wọn ní ọgọ́ta ọdún làwọn máa lò, ọdún 16 ló bá dé. Láti ìgbà tí gómìnà Delta ti kó lọ sínú APC lóṣù kẹrin 2025, tí ti Akwa Ibom tẹ̀lé e lóṣù kẹfà, tí Atiku àti David Mark sì kó wọ ADC lóṣù keje, àwọn oníbàárà mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀kan dé láìpẹ́ yìí, ó ní kí n yọ abùradà PDP kúrò kí n fi ìgbálẹ̀ APC síbẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ náà ni, ẹ̀rín náà ni, agbádá náà ni, ìlérí omi àti iná tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gan-an, kò ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ká tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ìdajì owó lòun máa san ná, ìdajì tó kù di ẹ̀yìn ìbò. Mo ti bá ẹni tó wọlé tí ò gbé fóònù mọ́ pàdé, mo ti bá ẹni tó jábọ́ tí mi ò mọ ibi tó wà pàdé. Mo ní kó san gbogbo ẹ̀ tán kí n tó gbé pléètì sórí ẹ̀rọ.